Jó o tàbí kó o jù ú: pùròpẹ́là eré kan tó sán ní ìdí apá

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ irin ní Abẹ́òkúta kì í sábà rí pùròpẹ́là bóòtù eré, ìyẹn irin alápá tó ń yí nínú omi láti ti bóòtù tí wọ́n fi ń sáré síwájú. Iṣẹ́ omi tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ẹ̀gbẹ́ Láfẹ́nwá kò ju ti àwọn tó ń fa yanrìn nínú odò Ògùn lọ: pọ́ǹpù tí yanrìn ti jẹ inú rẹ̀, ṣáàfútù tó wọ́, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pùròpẹ́là ààlùmíníọ̀mù ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 tí apẹja kan fi gbá kùkùté ní adágún Ọ̀yán. Irú ìyẹn kì í gba àròjinlẹ̀. A ó jó o, ìyẹn ni pé a ó fi iná ìjórin lẹ̀ ẹ́ pọ̀, a ó fáìlì í, ó parí. Èyí tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yàtọ̀. Ìpinnu rẹ̀ gbà wá lákòókò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, ó sì yẹ kí ẹlòmíì tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe lọ.

Apá mẹ́rin ni pùròpẹ́là náà ní. Sitéènlẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ti lọ ojú rẹ̀, títí ó fi ń kọ mànà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15 ínǹṣì, pitch rẹ̀ jẹ́ 28, ìyẹn ni pé bí omi kò bá yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìyíká kan á ti bóòtù síwájú ní 28 ínǹṣì. Ẹ̀pẹ́ ni bóòtù wà. Àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì ló ni ín, Ìbarà ló ń gbé. Tòkunbọ̀ ló rà á ní Èkó, kò sì tí ì pé ọdún kan.

Ẹ ní sùúrù fún mi níbi ìṣirò díẹ̀, torí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ró. Ẹ́ńjìnnì bóòtù náà ń yí dé 6,400 ní ìṣẹ́jú kan. Gíà fi 1.75 pín in, kó tó dé ọ̀dọ̀ pùròpẹ́là ó ti di nǹkan bí 3,650, ìyẹn ìgbà 61 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí apá ń sáré ní bíi 260 kìlómítà ní wákàtí. Bóòtù eré tó bá sì ti gbéra, pùròpẹ́là rẹ̀ kì í rì tán sínú omi mọ́. Bí apá kan ti ń jáde sí afẹ́fẹ́, òmíràn ń já wọlé. Gbogbo ìgbà tí apá bá já wọ omi, ìdí rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, á tún nà padà. Ní wákàtí kan péré tí wọ́n bá fi tẹ iná mọ́ ọn, ìdí apá kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ ju ìgbà 200,000 lọ. Ẹni tó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí tó fi já mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yíyí fúnra rẹ̀ tún ń fa apá jáde. Apá tí kò wúwo tó kìlógíráàmù kan lórí òṣùwọ̀n, tó bá ń yí báyẹn, agbára tó fi ń fa ìdí rẹ̀ ju ti tọ́ọ̀nù kan lọ.

Kíráàkì yìí, ìyẹn ojú ibi tó sán, ìdí apá gan-an ló wà.

Ohun tí ojú rí nígbà tó dé kò ju ìlà dúdú tín-ín-rín kan lọ, bíi 2 sẹ̀ǹtímítà, ní etí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn apá náà, níbi tó ti so mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín tí gbogbo apá so mọ́. Àlàájì ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. “Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi fi àgọ́ọ̀nù jó o. Kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kó má hàn.” Àgọ́ọ̀nù ni gáàsì tí à ń fi dáàbò bo irin nígbà tí a bá ń jó o.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ti ki fáìlìn mọṣíìnì mọ́ iná, ó fẹ́ la ojú kíráàkì kó lè ráyè jó o. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Òkúta fáìlì tó bá kọjá lórí kíráàkì, ṣe ni yóò fa irin bo ẹnu rẹ̀. Òkè á mọ́ tónítóní, ìsàlẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Yanrìn tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n sí irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tínà àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi fọ ìdọ̀tí àti gíríìsì kúrò, a jẹ́ kó gbẹ, a wá mú àwọn agolo àyẹ̀wò jáde.

Ẹni tí kò bá tí ì lo àwọn agolo yìí, wọn ò le rárá. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ pupa tó ṣàn púpọ̀, tó máa ń wọ ibi tí irun orí ò lè wọ̀. A fọ́n ọn sí ìdí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. A wá fi aṣọ tí a ta tínà díẹ̀ sí nu ojú rẹ̀. A kì í fọ́n tínà lé e tààrà, torí á fọ èyí tó ti wọnú kíráàkì jáde, àyẹ̀wò á sì purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà la fọ́n agolo funfun lé e, ó gbẹ bí ẹfun. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó.

Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó kọ́kọ́ yọ níbi ìlà tí a ti rí, lẹ́yìn náà ó ń gùn, ó ń gùn, ó gba orí ibi tí apá ti tẹ̀ wọ họ́ọ̀bù, nígbà tó fi máa dúró ó ti tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Mo yí pùròpẹ́là dà. Ní ojú kejì apá yẹn, níbi tí a ò ti rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ìlà pupa kúkúrú kan ti ń yọ lórí funfun. Ó ti là já nìyẹn. Àwọn apá mẹ́ta yòókù mọ́.

Àlàájì wò ó títí. “Ṣé gbogbo èyí ló ti wà níbẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká mọ irú irin tó jẹ́ ná. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì. Sitéènlẹ́ẹ̀sì tí à ń fi ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn àti ìkòkò, 304 tàbí 316, kì í gbé mágínẹ́ẹ̀tì dáadáa. Èyí gbé e pa, ó gba kí ọmọṣẹ́ mi fi agbára já a. Ó jọ pé ìdílé sitéènlẹ́ẹ̀sì líle tí wọ́n ń pè ní 17-4 tàbí 15-5 ló wà, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe pùròpẹ́là eré. Bàbà díẹ̀ wà nínú irin yẹn. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sínú iná onídíwọ̀n, ìyẹn ìléru tí wọ́n ń wọn ooru rẹ̀, bàbà yẹn á yọ ní ègé kéékèèké tó kúnná láàárín irin, òun ló ń mú kó le. Agbára irin yìí inú iná ló ti wá, iná náà ló sì lè gbà á padà. Iná àgọ́ọ̀nù tí ẹnì kan tàn sí i láìrò, ibi tí ooru rẹ̀ bá dé, líle ibẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ibi yòókù.

Èyí ló sún mi dé ìdí pọ́ǹṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń sàmì sí irin, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Pọ́ǹṣì onísípíríǹgì, èyí tí a kì í fi òòlù lù, agbára kan náà ló ń fi lu irin nígbà gbogbo. Ojú ihò rẹ̀ tó bá tóbi níbì kan ju ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ló rọ̀. Mo lù ú sí ìdí àwọn apá mẹ́ta tó mọ́, ihò kéékèèké tó dọ́gba ló fi sílẹ̀. Mo wá sí apá tó sán. Níbi tó jìnnà sí kíráàkì, ihò kékeré. Mo súnmọ́ ọn, ihò fẹ̀. Mo tún sún, ó fẹ̀ sí i. Ibi kan bí ìka méjì ní fífẹ̀ rọ̀ ju gbogbo ara pùròpẹ́là lọ, kíráàkì sì rìn lẹ́bàá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ ìfọ̀ tó ń kọ mànà yẹn, àwọ̀ irin ibẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀.

Wọ́n ti jó o rí. Ẹnì kan ti fi wáyà sitéènlẹ́ẹ̀sì lásán kún un, irú èyí tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti irin pùròpẹ́là náà lọ, ó fọ̀ ọ́ kó má hàn, ó tà á.

Mo bi Àlàájì bóyá ó ti fi gbá nǹkan. Ó ní rárá. Ọmọkùnrin tó ń wa bóòtù fún un, tí wọ́n jọ wá, wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó gba igi lẹ́ẹ̀kan o, àwọn igi gẹdú tí wọ́n máa ń fà gba ojú ọ̀sà. Ọ̀kan já kúrò lára wọn.” Àlàájì wò ó bí ẹni tí yóò dá a dúró síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ igi kọ́ ló fa èyí. Apá tó bá gba igi, etí rẹ̀ ló máa ń ká tàbí kó jẹ, a ó sì rí ojú ibi tó ti gbá. Etí èyí mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kíráàkì tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó àtijọ́, tó ń gùn díẹ̀díẹ̀, àárẹ̀ irin ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àlàájì, pàápàá kí ọmọ yẹn lè mí.

Kí ló kù láti ṣe? Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ òkun ńlá wò, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ IACS, ti ya ojú apá pùròpẹ́là sí ọ̀nà mẹ́ta fún iṣẹ́ jíjó. Ibi tó súnmọ́ ìdí, ní ojú tó ń ti omi, láti họ́ọ̀bù dé ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gígùn láti àárín dé etí, ni wọ́n pè ní A. A kì í jó ibẹ̀ àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ní pàtó. B gba àárín. Ibi tó kọjá ìdá méje, lọ sí etí, ni C, wọ́n sì gbà kí a jó o. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún, kì í ṣe bóòtù eré. Síbẹ̀ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kan èyí náà: ìdí apá ló ń gbé gbogbo ẹrù, etí kò gbé púpọ̀.

Wọ́n lè jó 17-4, èmi ò sọ pé wọn ò lè jó o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò gbẹ́ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò, yóò gbẹ́ kíráàkì tán, yóò fi wáyà ìjórin tí wọ́n ń pè ní 630, tó bá irin náà mu, kún un, yóò sì gbé odidi pùròpẹ́là sínú iná tó ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ dá líle rẹ̀ padà pátápátá, wọ́n á gbé e dé nǹkan bí 1,040 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, á tutù, wọ́n á tún gbé e padà sí bíi 593 fún wákàtí 4. Apá tín-ín-rín máa ń yí nínú ooru bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti tún pitch rẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó ṣe bálánsì. A ò ní irú iná yẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí a tilẹ̀ ní in, wáyà àjèjì tó ti pò mọ́ irin ìdí apá yẹn kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ sọ̀yà.

Mo sọ fún Àlàájì pé a ò ní jó o. Ọ̀rọ̀ ò dùn mọ́ ọn. Ó ní tuntun rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, ṣé mo mọ iye tí dọ́là jẹ́? Mo mọ̀. Ó ní òun ò ní sáré mọ́, òun á kàn fi í pamọ́, bí tòun bá bàjẹ́ lójú omi kó lè gbé òun délé. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó máa ń gba ènìyàn lọ́kàn jù, torí ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lójú ọ̀sà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ìjì ń bọ̀, kò ní rántí pé òun ṣèlérí láti rọra. Apá tó bá sì já kò ní já nìkan. Pùròpẹ́là tó ku apá mẹ́ta á máa gbọ̀n débi tí ṣáàfútù àti gíà á fi fọ́, bóòtù tó ń sáré sì lè yí dànù. Mo ní, “Àlàájì, owó gíà ju owó pùròpẹ́là lọ. Ẹ má tilẹ̀ tíì ka àwọn tó jókòó sínú rẹ̀.”

Ó gbé pùròpẹ́là rẹ̀ lọ. N kò bínú. Oníbàárà ló ni ẹrù rẹ̀.

Ó tún gbé e padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Jórinjórin kan ní apá kejì ìlú ti jó o fún un, iṣẹ́ náà sì rẹwà, n kò ní purọ́. Ojú ìjó tò létòlétò kó tó fọ̀ ọ́, Àlàájì sì fi fótò rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Bálánsì nìkan ni Àlàájì ní ká bá òun ṣe. A fọ́n pupa, a fọ́n funfun. Kò sí nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo gbé pùròpẹ́là lé ọ̀pá lórí tábìlì pẹlẹbẹ tí a fi ń díwọ̀n, mo sàmì sí ojú kan náà lára apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ń wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga láti orí tábìlì. Apá mẹ́ta kò fi mílímítà kan yàtọ̀ síra wọn. Ìkẹrin ti fi 4 mílímítà sọ̀ kalẹ̀. Irin tó bá ń tutù lẹ́yìn ìjó máa ń súnkì, ó sì ń fa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání. Lórí pùròpẹ́là yìí, 4 mílímítà yẹn súnmọ́ ínǹṣì kan lórí pitch apá kan ṣoṣo. A lè fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà, àmọ́ ibi tí yóò ti tẹ̀ ni ibi tó rọ̀, ìyẹn ojú ìjó. Bálánsì kò sì lè tún èyí ṣe. Ìwúwo ni bálánsì ń mú dọ́gba. Apá tí pitch rẹ̀ yàtọ̀ á ṣì máa ti omi lọ́nà tó yàtọ̀, á máa gbọn ṣáàfútù ní gbogbo ìyíká. Pọ́ǹṣì náà tún sọ tirẹ̀: ibi rírọ̀ ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ tó ń wa bóòtù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, èmi ò lè fi èyí sáré.”

Àlàájì ronú. Ó wá ní kò burú, òun á tà á. Ó mọ ẹnì kan ní Ìkòròdú tí yóò rà á kíá. Èmi náà ní, “Àlàájì, bí ẹni tó tà á fún yín ṣe rò ó nìyẹn.”

Kò dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ gé e. Mo fẹ́ rí inú rẹ̀.”

N kò retí rẹ̀. A fi òkúta gígé tẹ́ẹ́rẹ́ gé apá náà gba àárín ojú ìjó, à ń da omi sí i kó má gbóná, a fi sáńdípépà lọ ojú ibi tí a gé títí ó fi dán, a sì fọ́n pupa àti funfun sí i. Ibi tí a gé nípọn tó 9 mílímítà. Òkè mọ́, ìsàlẹ̀ mọ́. Ní agbedeméjì, ìlà pupa kan tó tó 3 mílímítà dúró gbọnrangandan. Jórinjórin yẹn ti gbẹ́ kíráàkì láti ojú méjèèjì, ó jó ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n gbígbẹ́ méjèèjì kò pàdé láàárín. Kíráàkì àtijọ́ ṣì wà nínú, wọ́n kàn sé e mọ́lé ni. Kò sí agolo kankan tó lè fi í hàn láti òde, torí ohun tó bá ní ẹnu sí òde nìkan ni àwọ̀ pupa lè wọ̀.

Àlàájì fi ìka kan ìlà yẹn. Ó ní kí n gé àwọn apá yòókù pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fọ̀ ọ́ tà.

Láti ìgbà yẹn ni ìlànà wa lórí pùròpẹ́là ti dúró sójú kan. Ohun tí à ń wò ṣáájú kọjá bí kíráàkì ṣe gùn tó: ibo ló wà, ṣé wọ́n ti jó ibẹ̀ rí, irin wo ni. Etí tó ká, etí tó jẹ, igun tó fọ́ díẹ̀ ní ìdá ìkẹyìn apá, a máa ń ṣe é tayọ̀tayọ̀, ti sitéènlẹ́ẹ̀sì náà. Ààlùmíníọ̀mù apẹja tó ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré, a máa ń fàyè gbà á ju ti eré lọ, àmọ́ tó bá ti wọ ìdí apá, a ó ní kó lọ ra òmíràn, èyí tí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Pùròpẹ́là eré tó sán ní ìdí, a kì í jó o. Ẹni tó bá ní iná onídíwọ̀n àti wáyà tó bá a mu, tó tún lè fi ẹ̀rọ wo inú irin lẹ́yìn ìjó, kó gbà á. Ìfọ̀ tó dán kì í ṣe ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ̀rù ìfọ̀ tó dán jù tilẹ̀ máa ń bà mí.

Mágínẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹṣì àti àwọn agolo, gbogbo wọn kò gbówó lórí. Ohun tó ṣòro ni owó iṣẹ́. Àṣà wa ni pé jórinjórin ń gbowó nígbà tó bá jó nǹkan; ẹni tó lo ọ̀sán kan láti sọ pé “ẹ má jó o” á lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ẹni tó jó o á jẹun. Mo rò pé òun ló fa ìdajì àwọn ìjó burúkú tí à ń rí. Nítorí náà owó àyẹ̀wò la kọ́kọ́ ń gbà báyìí, tí iṣẹ́ bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Àwọn oníbàárà kan ń kùn sí i. Àlàájì san tirẹ̀, ó ra pùròpẹ́là tuntun, ó sì tún rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí wa pẹ̀lú èyí tí etí rẹ̀ ká. Ìyẹn la bá a ṣe.